Gbàǹjo Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ná

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìbéèrè kan ti ń gún mi lọ́kàn bí ẹ̀gún inú bàtà. Ìtàn Mifflin Wistar Gibbs ni mo ń kà, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Philadelphia ní ọdún 1823, tó wá ń ta ìyẹ̀fun àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ fún àwọn awawúrà ní ìlú Victoria, létí òkun ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ tó di Kánádà. Òwò yìí sọ ọ́ di olówó. Ìlàjì ilé tó rà níbẹ̀ nìkan, 500 dọ́là ni wọ́n fi ń háyà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù. Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wá nínú ìgbìmọ̀ ìlú? Ó du ipò ní ọdún 1862, ìbò mẹ́rin péré ni wọ́n fi borí rẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó tún jáde.

Bí wọ́n ṣe sábà máa ń sọ ọ́ ni pé òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sípò ní agbègbè tí a ń pè ní British Columbia. Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí á máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n "àkọ́kọ́" kò sọ ìdí fún wa. Kò sí oníṣòwò tó ń fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ jókòó sípàdé ìgbìmọ̀ ní alẹ́ nítorí kí á lè pè é ní ẹni àkọ́kọ́ lẹ́yìn àádọ́jọ ọdún.

Mo ti wá gbà pé kì í ṣe Victoria ni ìdáhùn wà. San Francisco ló wà, níbi gbàǹjo kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1857, tí ẹnikẹ́ni kò ná.

Ìsọ̀ tí kò lẹ́nu

Iṣẹ́ káfíńtà ni Gibbs kọ́. Nígbà tó dé California ní ọdún 1850, àwọn káfíńtà aláwọ̀ funfun ní bí wọ́n bá gbà á síṣẹ́, àwọn yóò kó irinṣẹ́ àwọn sílẹ̀. Ó bá di ẹni tó ń kun bàtà fún àwọn èèyàn kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó òwò. Nígbà tó yá, òun àti Peter Lester dá ìsọ̀ bàtà sílẹ̀ ní òpópónà Clay. Bàtà gidi ni wọ́n ń kó wá láti ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ọjà náà sì ń tà.

Àmọ́ òfin kan wà ní California nígbà náà: aláwọ̀ dúdú kò gbọ́dọ̀ jẹ́rìí tako aláwọ̀ funfun ní kóòtù. Àwọn tó ń ka ìtàn máa ń rí i bí ọ̀rọ̀ ìyà àti ẹ̀tọ́. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú oníṣòwò wò ó. Bí o bá ta ọjà àwìn, kí ni ẹ̀rí rẹ? Ìwé tí o kọ ọ́ sí ni, àti ẹnu ara rẹ. Bí ẹni tó jẹ ọ́ ní gbèsè bá jẹ́ aláwọ̀ funfun, tó sì sẹ́, ìwé rẹ di tákàdá lásán, nítorí kò sí ẹni tí yóò gba ìbúra rẹ pé ìwọ lo kọ ọ́. Bí olè bá gbé ọjà lọ lójú rẹ, ojú rẹ kò ríran níwájú adájọ́. Ẹni tó bá wà ní irú ipò yìí kò lè tajà fún ẹni tí kò bá fọkàn tán, kò lè yá èèyàn lówó, kò sì lè fa ẹnikẹ́ni lọ sí kóòtù. Ó lè kún fún ọjà dé òrùlé, ìsọ̀ rẹ̀ kò lẹ́nu.

Ó sì ṣẹlẹ̀ sí wọn lójúkojú. Àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun méjì wọ inú ìsọ̀ náà lórí ọ̀rọ̀ bàtà kan. Ọ̀kan nínú wọn fi ọ̀pá tó wúwo lu Lester, ó ń bú u, ó ń lù ú. Gibbs wà níbẹ̀. Bí Lester bá gbé ọwọ́ sókè, ìbọn ni yóò gbà á. Bí wọ́n bá pe ẹjọ́, kò sí ẹlẹ́rìí, nítorí àwọn méjèèjì tó ṣojú wọn, aláwọ̀ dúdú ni wọ́n. Àwọn tó lù ú rìn jáde bí ẹni tó sanwó ọjà.

Lẹ́yìn èyí ni owó-orí dé. Gbogbo ọkùnrin ni ìjọba ní kó san án, bẹ́ẹ̀ aláwọ̀ dúdú kò gbọ́dọ̀ dìbò. Lester àti Gibbs ní àwọn kò san. Owó náà kò tó nǹkan lójú òwò wọn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ èrè ni, sísan ni ìbá rọrùn jù, kí wọ́n padà sídìí àtẹ. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Àwọn agbowó-orí wá, wọ́n kó ọjà tí iye rẹ̀ tó owó-orí náà, wọ́n sì kéde pé àwọn yóò lù ú ní gbàǹjo.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti yí. Ní ọjọ́ gbàǹjo, ọ̀rẹ́ wọn kan dé síbẹ̀, aláwọ̀ funfun láti gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí oko ẹrú wà. Ó ń gba àárín èrò kọjá, ó ń sọ ìdí tí ọjà náà fi wà níbẹ̀ fún wọn, ó sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ọjà náà sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Olùgbàǹjo gbé ọjà sókè, ó kígbe. Kò sí ẹni tó ná an. Ó tún kígbe. Kẹ́kẹ́ pa. Wọ́n dá ọjà náà padà sí ìsọ̀ òpópónà Clay, wọn kò sì tún gbìyànjú láti fi tipátipá gba owó-orí náà lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú mọ́.

Mo ti ronú sí i bí èyí ṣe ṣiṣẹ́. Gbàǹjo kì í dúró lórí ọjà. Lórí èèyàn méjì tó ń figagbága ló ń dúró, nítorí náà tí ẹni àkọ́kọ́ kò bá ná, ẹnì kejì kò ní ohun tí yóò lé. Ọjà tí wọ́n gbà nítorí owó-orí sì ń ná ìjọba lówó: ẹni tó rù ú, ibi tí wọ́n kó o sí, ẹni tó kígbe rẹ̀. Bí kò bá tà, gbogbo ìnáwó yẹn wọlé sí ìjọba lọ́rùn, owó-orí náà kò sì wọlé. Ohun tí Gibbs rí lọ́jọ́ náà ni pé òfin tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ lè wó nítorí pé àwọn èrò ọjà kọ̀ láti la ẹnu. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ tí kò nà ló ṣiṣẹ́ náà.

Síbẹ̀, ó rí apá kejì rẹ̀ pẹ̀lú. Àánú ọ̀rẹ́ ni wọ́n fi gba ọjà wọn padà. Bí ọ̀rẹ́ yẹn bá ṣàìsàn lọ́jọ́ náà ńkọ́? Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ná dọ́là méjì ńkọ́? Oníṣòwò kì í fi ìṣura rẹ̀ gbé ara lé orí-ire.

Ìyẹ̀fun, búláńkẹ́ẹ̀tì, ṣọ́bìrì

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1858, ìròyìn dé San Francisco pé wúrà wà nínú odò Fraser, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àríwá. Àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà ti ń ṣèpàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì lórí ibi tí wọ́n lè kó lọ. Ní ọdún tó ṣáájú, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà ti dá ẹjọ́ Dred Scott pé aláwọ̀ dúdú kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè. James Douglas, gómìnà Vancouver Island, erékùṣù tí ìlú Victoria wà lórí rẹ̀, tí wọ́n bí ní Demerara, tí ìyá rẹ̀ sì ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà lára, jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ òun ṣí sílẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin, ọkọ̀ ojú omi Commodore gúnlẹ̀ sí Victoria. Ọjọ́ ìsinmi ni, àwọn ará ìlú ń jáde bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Èèyàn bí 450 ló sọ̀ kalẹ̀, bí 35 nínú wọn sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ìlú tí àwọn olùgbé rẹ̀ kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ di ojú ọ̀nà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kí ọdún tó parí.

Gibbs tẹ̀lé wọn ní oṣù Kẹfà. Ẹ wo bó ṣe lọ: kò lọ wa wúrà. Ó kó ẹrù awawúrà dání, ìyẹ̀fun, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, búláńkẹ́ẹ̀tì, díígà àti ṣọ́bìrì. Lester dúró sí San Francisco láti máa fi ọjà ránṣẹ́. Ọgbọ́n wà nínú bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ náà. Bí àwọn méjèèjì bá jọ lọ, tí wúrà bá jẹ́ àhesọ, gbogbo òwò á rì. Bí kò bá sì sí ẹni tó dúró sídìí orísun ọjà, ẹni tó lọ yóò tà á tán lọ́sẹ̀ kan, yóò wá jókòó síwájú àtẹ òfo nígbà tí owó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Kì í ṣe ojúkòkòrò ló jẹ́ kí ìyẹ̀fun àti ẹran oníyọ̀ ṣáájú. Láti Victoria, awawúrà gbọ́dọ̀ sọdá omi dé ẹnu odò Fraser, kó gòkè odò fún ohun tó lé ní 150 kìlómítà dé Yale, níbi tí ọkọ̀ ńlá kò ti lè kọjá mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, èjìká ni, àbí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Oúnjẹ tí yóò rù gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju agbára tó ń fúnni lọ, kò sì gbọdọ̀ bàjẹ́. Ìyẹ̀fun gbígbẹ máa ń pẹ́, omi àti iná ló kù tí yóò fi di búrẹ́dì pẹlẹbẹ. Ẹran oníyọ̀ kò nílò yìnyín, ọ̀rá rẹ̀ ni wọ́n tún fi ń dín búrẹ́dì náà. Ọ̀tá méjèèjì kan náà ni, ìyẹn omi. Bí omi òkun bá kan àpò ìyẹ̀fun nínú ọkọ̀, ara àpò á le bí àpáta níta, inú rẹ̀ sì lè bu. Oníṣòwò tó bá gbọ́n máa ń ki ọwọ́ bọ àárín àpò kó tó gba ẹrù.

Ohun tó tún lè ba ọjà jẹ́ ni odò fúnra rẹ̀. Orí yanrìn etí odò ni wúrà Fraser wà. Ní àárín ọdún, nígbà tí yìnyín orí òkè bá yọ́, omi á kún, á bo gbogbo yanrìn náà mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ awawúrà ọdún 1858 dé nígbà tí omi kún, wọ́n dúró títí, owó wọn tán, wọ́n sì padà sílé pẹ̀lú èébú. Ẹni tó bá tajà àwìn fún wọn, òun àti àwìn rẹ̀ ló jọ kù. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́, tó sì tètè dé, ló jèrè. Gibbs tètè dé. Ọjà rẹ̀ tán ní iye tó ga ju iye tó rà á lọ fíìfíì, ó tún ránṣẹ́ sí Lester fún òmíràn, ó sì ra ilẹ̀ àti ilé kan tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ ní 3,000 dọ́là, tó san ní díẹ̀díẹ̀. Ìlàjì rẹ̀ ló fi ṣe ìsọ̀. Ìlàjì kejì ni ilé 500 dọ́là lóṣù tí mo mẹ́nu bà lókè.

Kí ó tó dé, ilé-iṣẹ́ Hudson's Bay nìkan ni ilé òwò ńlá tó wà níbẹ̀. Ìsọ̀ Lester àti Gibbs ni àkọ́kọ́ tó dìde lẹ́yìn tiwọn.

Ìyẹ̀fun lórí aṣọ ìyàwó

Bí ìtàn bá parí síbẹ̀, ì bá jẹ́ ìtàn èrè lásán. Ní Victoria, ó lè dúró ní kóòtù sọ tẹnu rẹ̀. Ó ra ilẹ̀, ó bura, ó di ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1859, ó fẹ́ Maria Alexander, obìnrin tó ti kàwé ní Oberlin ní ìpínlẹ̀ Ohio. Wọ́n kọ́lé sí James Bay, àdúgbò àwọn èèyàn ńlá, nítòsí ilé ìjọba.

Ṣùgbọ́n àwọn tó sá fún ní California ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọkọ̀ kan náà. Àwọn ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ funfun tó wá wa wúrà kó àṣà wọn dání. Wọ́n fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú jókòó lọ́tọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́tọ̀ nílé eré. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 1861, nílé eré Victoria, Gibbs àti ìyàwó rẹ̀ tó lóyún jókòó sáàárín àwọn olówó ìlú. Ẹnì kan da ìyẹ̀fun lé wọn lórí.

Mo dúró pẹ́ lórí gbólóhùn yẹn nígbà tí mo kà á. Ìyẹ̀fun kan náà ni. Ohun tó ń kó wá láti San Francisco, tó ń wọ̀n, tó fi kọ́lé, ni wọ́n fi sọ aṣọ ìyàwó rẹ̀ di funfun lójú ìlú, kí wọ́n lè fi hàn án pé ibi tí owó lè gbé e dé ní ààlà. Àwọn tó jókòó nítòsí lè ti ra àpò kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Àwọn àgbà sọ pé bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ owó. Èèkù idà ṣì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìbò mẹ́rin

Àwọn aláwọ̀ dúdú Victoria ti tọ́ agbára ìbò wò ṣáájú. Nínú ìdìbò ilé aṣòfin Vancouver Island ní ọdún 1860, George Cary, tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ìjọba, rí àyè kan nínú òfin. Àjèjì gbọ́dọ̀ dúró títí yóò fi di ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì kó tó dìbò. Ṣùgbọ́n bí Amẹ́ríkà bá ti ní aláwọ̀ dúdú kì í ṣe ọmọ òun, ọmọ ta ni wọ́n? Wọn kò ní ọba mìíràn tí wọ́n máa kọ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti búra fún Victoria ayaba, wọ́n lè dìbò lójú ẹsẹ̀. Ẹjọ́ Dred Scott tó lé wọn kúrò nílé ló wá di kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n dìbò fún Cary àti Selim Franklin, àwọn méjèèjì sì wọlé. Ẹni tó fìdí rẹmi ni Amor De Cosmos, oníwèé ìròyìn tó lóhùn gan-an, tí inú sì bí i sí wọn. Ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1862, Victoria di ìlú tó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Alápatà ni wọ́n fi ṣe olórí ìlú àkọ́kọ́, Thomas Harris. Èyí tọ́ka sí ohun kan tí àwọn òǹkọ̀wé kì í kà sí: àwọn tó ń bọ́ ìlú ni ìlú kọ́kọ́ fọkàn tán. Alápatà àti oníṣòwò oúnjẹ mọ ẹni tó ń sanwó àti ẹni tí kì í san. Wọ́n mọ òpópónà tí ẹrẹ̀ ti ń gbé kẹ̀kẹ́ ẹrù mì. Bí iná bá jó ilé pákó kan, wọ́n mọ iye ilé tó tẹ̀lé e. Ọ̀nà, gọ́tà, omi ìpaná àti ìwé àṣẹ òwò ni iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ìlú, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ sì ni gbogbo wọn fún ẹni tó ní ìsọ̀.

Gibbs dupò nínú ìdìbò yẹn, ó sì fi ìbò mẹ́rin pàdánù. Ìbò mẹ́rin kéré ju àwọn oníbàárà tó ń wọ ìsọ̀ kan kí oòrùn tó kan àtàrí. Mo máa ń rò ó pé ó mọ orúkọ wọn. Nínú ìlú tí àwọn olùdìbò kò pọ̀, ẹni tó ń kọ orúkọ oníbàárà sínú ìwé lójoojúmọ́ lè ṣírò ẹni tó kù tí kò wá. Kò bínú kúrò nílùú. Ó padà sídìí àtẹ fún ọdún mẹ́rin.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1866, àdúgbò James Bay dìbò yàn án.

Ìwé ìṣirò ìlú

Oṣù tó wọlé yẹn, oṣù burúkú ni fún àwọn oníṣòwò Victoria. Títí di ìgbà náà, èbúté wọn kì í gba owó-bodè. Ohun tó sọ ìlú náà di ọjà nìyẹn: ọjà ń wọlé láti San Francisco àti London láìsan nǹkan kan, wọ́n sì ń tún un tà sí orí ilẹ̀ ńlá. Ní oṣù Kọkànlá 1866 kan náà, ìjọba London so Vancouver Island pọ̀ mọ́ British Columbia tó wà lórí ilẹ̀ ńlá, òfin owó-bodè ilẹ̀ ńlá sì ta lé Victoria lórí. Wúrà ti ń dín kù, èèyàn ń kó kúrò, gbèsè ìjọba méjèèjì di ọ̀kan. Wọ́n tún gbé olú-ìlú lọ sí New Westminster, kí ó tó padà ní ọdún 1868.

Wọ́n fi Gibbs ṣe alága ìgbìmọ̀ ìṣúná. Ibí ni ẹ̀kọ́ ìsọ̀ ti wúlò jùlọ, ó sì yẹ kí á wò ó dáadáa. Ìjọba tó bá wà nínú gbèsè máa ń sọ pé owó kò tó. Oníṣòwò máa ń bèèrè ìbéèrè mẹ́ta kó tó gbà bẹ́ẹ̀. Èwo nínú owó tí wọ́n jẹ wá ló ṣeé gbà, èwo ló ti kú? Èwo nínú ìnáwó ló lè dúró, èwo ni bí ó bá dúró yóò di ìlọ́po méjì? Ta ló ń gba èrè lórí gbèsè yìí, ìdá mélòó sì ni? Ẹni tó bá fi owó-orí tuntun dáhùn gbogbo rẹ̀ yóò rí i pé àwọn tó lè san ló máa kọ́kọ́ kó lọ. Gibbs mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dìbò kúrò ní ìlú kan.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ dídarapọ̀ mọ́ Kánádà gbóná. Àwọn kan fẹ́ kí Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan kò fẹ́ kí ohunkóhun yí padà, nítorí ipò wọn. Àwọn tó fẹ́ Kánádà ní kí Kánádà gba gbèsè náà sọ́rùn, kí ìjọba sì máa dáhùn fún ilé aṣòfin tí àwọn èèyàn yàn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1868, aṣojú 26 pàdé ní Yale, ìlú etí odò tí àwọn awawúrà ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú pẹ̀lú ìyẹ̀fun Gibbs léjìká wọn. Gibbs wà níbẹ̀. Àwọn ará Salt Spring Island ló rán an, erékùṣù àgbẹ̀ tí àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú láti California wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dá oko síbẹ̀. Ó yé mi ìdí tí àwọn àgbẹ̀ fi rán oníṣòwò. Ohun tí wọ́n bá gbìn, omi ló ń gbà lọ sí Victoria, bí owó-bodè ṣe pọ̀ tó àti bí ìlú ṣe láásìkí tó ló sì ń sọ iye tí wọ́n máa rí. Ẹni tó mọ iye ọjà lórí àtẹ ló lè sọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń gbìn ín.

Ta ni olórí àwọn tó ń pè fún Kánádà, tó sì jókòó ní Yale náà? Amor De Cosmos. Ọkùnrin tí ìbò aláwọ̀ dúdú lé kúrò ní ọdún 1860, tó sì kọ̀wé tako wọn. Nígbà èwe rẹ̀ ní Halifax, akọ̀wé ni òun náà nílé iṣẹ́ àwọn tó ń ta oúnjẹ ní ọ̀pọ̀. Àwọn méjèèjì jọ wá bá ara wọn nídìí ìwé ìṣirò kan náà. Mi ò rò pé ìfẹ́ ló dé. Ìṣirò wọn ló bá ara mu, Gibbs sì jẹ́ ẹni tó lè ya ohun tí èèyàn ṣe fún òun lánàá sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n lè jọ rà lónìí. Ní ọdún 1872, De Cosmos di olórí ìjọba ẹkùn náà.

Ẹlẹ́rìí

Gibbs kò dúró rí i. Maria ti kó àwọn ọmọ lọ sí Oberlin. Ní ọdún 1869, ó gba iṣẹ́ ńlá kan ní Queen Charlotte Islands, ó la ojú irin láti ibi ìwakùsà èédú dé èbúté, ó sì rí i pé ẹrù èédú àkọ́kọ́ wọ inú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ló bá ìdílé rẹ̀ lọ. Ogun ti fi òpin sí oko ẹrú ní Amẹ́ríkà, àtúnṣe òfin ọdún 1870 sì ti ní kí wọ́n má fi àwọ̀ du ẹnikẹ́ni ní ìbò.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1871, British Columbia wọ Kánádà. Kánádà gba gbèsè rẹ̀ sọ́rùn, ó sì ṣèlérí ojú irin tí yóò parí láàárín ọdún mẹ́wàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1885 ni wọ́n tó kan ìṣó ìkẹyìn rẹ̀. Gibbs ti wà ní Little Rock, ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Ó ti pé ọmọ ọdún 48, ó sì jókòó sí ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò, ó ń ka ìwé òfin láti ojú ewé àkọ́kọ́.

Ní ọdún 1873, wọ́n dìbò yàn án ní adájọ́ ìlú náà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹjọ́ ní kóòtù rẹ̀, dúdú tàbí funfun, iwájú rẹ̀ ló ti ń gbé ọwọ́ sókè, tó ń búra pé òtítọ́ ni òun fẹ́ sọ. Òun ló ń sọ bóyá ó gba ẹ̀rí náà gbọ́.